Ṣé Ilé Ni àbí Ọ́fíìsì? Ìfiwéra fún Ọ̀gá àti Òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ sí ọ́fíìsì ní Unity Road ní Ìlọrin, ọ̀gá ló ń san owó iná, òun ló ra àga, òun ló ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ń sanwó mẹ́gàádì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ náà máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Tanke, gbogbo ẹrù yẹn ló máa bá a wọ yàrá. Owó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù náà kì í sábà bá a wọlé. Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí bóyá ènìyàn lè ṣiṣẹ́ láti ilé àbí kò lè ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má tíì béèrè èyí tó dára jù. Kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò gbé ẹrù wo. Bí ìyẹn bá ti yé ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, yíyàn ò le mọ́. Mo fi àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ wé ara wọn nísàlẹ̀ yìí, mo sì sọ èyí tí èmi ì bá mú.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni kí òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ nílé látòkèdélẹ̀ ọ̀sẹ̀. Èkejì ni àdàpọ̀: ọjọ́ mélòó kan nílé, ọjọ́ mélòó kan lọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n háyà tábìlì fún un níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jọ ń lo iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń san owó ojúmọ́ tàbí ti oṣù. Ilorin Innovation Hub tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti IHS, ilé-iṣẹ́ tó ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, jọ gbé kalẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irú ibi báyìí wọ ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú wa, àmọ́ àwọn kéékèèké náà wà nínú ìgboro.

| | Ilé pátápátá | Àdàpọ̀ | Tábìlì àháyà |
|---|---|---|---|
| Owó ọkọ̀ | Kò sí | Ó dín kù tó ìdajì | Díẹ̀, bí ibẹ̀ bá súnmọ́ ilé |
| Iná | Òṣìṣẹ́ ló ń wá a, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn | Ti ọ̀gá lọ́jọ́ ọ́fíìsì, ti òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ ilé | Ó wà nínú owó tábìlì |
| Ariwo | Ó dọwọ́ ilé àti àdúgbò | A lè kó ìpàdé sí ọjọ́ ọ́fíìsì | Ó mọ níwọ̀n |
| Àṣírí oníbàárà | Ó ṣeé pa mọ́, bí yàrá bá ní ìlẹ̀kùn | Ìwé àṣírí ò kúrò lọ́fíìsì | Kò dára: etí pọ̀ níbẹ̀ |
| Ẹni tó bá mu jù | Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ jìnnà sílé | Ẹni tó ń gbé Ìlọrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin | Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ wà lókèèrè, tí ilé rẹ̀ kò gba iṣẹ́ |

Bí ilé àti ọ́fíìsì bá jọ wà ní Ìlọrin, àdàpọ̀ ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Èkó ń sọ nípa iṣẹ́ àtilé, ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ẹni tó ń kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí kó tó lè dé Victoria Island mọ ohun tó ń sá fún. Ẹni tó ń ti Gaa-Akanbi lọ sí Post Office kò sá fún nǹkan kan tó jọ bẹ́ẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ló ń fi pamọ́, owó náà sì lè má tó èyí tí yóò fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ nílé. Kí ọ̀gá má ba à rò pé òun ń ṣe òṣìṣẹ́ lóore nígbà tó jẹ́ pé ẹrù ló ń sọ̀ lé e lórí.

Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìlọrin, tirẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan bí kìlómítà 50 ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó ń ti Òmù-Àrán wá tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún irú wọn, ilé pátápátá, pẹ̀lú ọjọ́ kan lóṣù tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa péjọ, ló bọ́gbọ́n mu. Owó ilé kò wọ́n lọ́hùn-ún tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè rí yàrá kan yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan. Ní Ìlọrin, pàápàá ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yàrá tó kù sílẹ̀ kì í sábà sí.

Bí ẹ bá mú àdàpọ̀, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọ́fíìsì bára mu fún gbogbo ènìyàn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ní kí oníkálukú yan ọjọ́ tó wù ú; ọ̀kan wá lọ́jọ́ Ajé, èkejì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣèpàdé lórí fóònù láti inú ọ́fíìsì tó ṣófo. Ẹ sì fi Jímọ̀ sílẹ̀ fún ilé. Ọ̀sán Jímọ̀ ní Ìlọrin, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: láti nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ni ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ti ń kún, ó sì di aago mẹ́ta kí iṣẹ́ tó tún padà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé á kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, á sì tètè padà sídìí iṣẹ́.

Iná

Lórí iná ni n óò ti pẹ́ jù, nítorí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ilé-iṣẹ́ IBEDC tó ń pín iná fún wa ní Kwara pín àwọn tó ń lo iná sí ìpele márùn-ún. Band A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó Band A lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ó ti ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ni wọ́n fi ń pín ìpele wọ̀nyí, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. Òpópónà méjì tó kọjú síra wọn lè má wà ní ìpele kan náà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò ṣe ẹ̀rí.

Ohun tí ìpele yìí kò sọ ni ìgbà tí iná ń wá. Wákàtí méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ láago méje alẹ́, tó sì parí láago méje àárọ̀, kò wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àfi bó bá ní bátìrì tí yóò fi gbà á pa mọ́. Kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn wúlò ju àríyànjiyàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí iṣẹ́ ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ nǹkan bí wáàtì 60, fáànù 60, gílóòbù LED 10, ẹ̀rọ Wi-Fi 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 140. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, wáàtì-wákàtí 1,120 nìyẹn, ìyẹn yúníìtì kan àti díẹ̀ (yúníìtì kan jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,000). Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, kò pé yúníìtì 25. Bí yúníìtì bá jẹ́ ₦210, nǹkan bí ₦5,200 ni gbogbo rẹ̀. Owó iná ìjọba fún iṣẹ́ kò wọ́n rárá, àìsí iná ló wọ́n. Ọ̀gá tó bá fún òṣìṣẹ́ ní ₦5,000 lóṣù pé owó iná nìyẹn, ó ṣírò dáadáa fún ilé tí iná kì í lọ.

Ibi tí iná ti ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", ń mu nǹkan bí lítà kan fún wákàtí méjì. Bí iná bá kọ̀ láti wá fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ iṣẹ́, lítà 44 nìyẹn lóṣù. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ó di ₦39,600. A ò tíì ka ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. A ò sì tíì sọ ti ariwo rẹ̀: ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò lè jókòó tì í. Èéfín rẹ̀ náà ń pani, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí súnmọ́ fèrèsé.

Ẹ wá fi wé inverter. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 220Ah, iná inú rẹ̀ lórí ìwé tó wáàtì-wákàtí 2,640, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó tún un cháàjì. Ìdajì yẹn, tí ẹ bá yọ èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, yóò gbé wáàtì 140 wa fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé ilé tó ń rí iná lóru nìkan lè fi bátìrì kan ṣiṣẹ́ ọ̀sán láìsí jẹnẹrétọ̀ rárá. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah kò tó ìdajì rẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ nítorí pé ènìyàn lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìṣe é léṣe, wákàtí mẹ́fà sí méje ni yóò fún yín. Ó wọ́n ju olómi lọ nígbà rírà, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ ní ìlọ́po, kò sì ń béèrè omi. Ooru ìlú wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ bátìrì èyíkéyìí. Ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń bọ́ lé.

Bí iná ìjọba kò bá wá lóru náà, ẹ fi sólà kún un. Páńẹ́lì kan tó jẹ́ wáàtì 400, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, ń pèsè nǹkan bí wáàtì-wákàtí 1,600, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì nìyẹn. Nígbà òjò kì í tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń bò ó, ẹni tí kò bá nù ún á rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Fún gúúsù Kwara, níbi tí ilé púpọ̀ ti ní òrùlé tirẹ̀ àti àgbàlá tirẹ̀, èyí ni mo fọwọ́ sí jù. Fún ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé olójúlé mẹ́wàá ní Ìlọrin, bátìrì àti inverter láìsí páńẹ́lì ló rọrùn, nítorí òrùlé kì í ṣe tirẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìpàdé olójú-kojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ènìyàn bá pọ̀ níbẹ̀, ń jẹ dátà tó GB kan fún wákàtí kan, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn nìkan kì í sábà jẹ tó MB 100. Ọ̀gá tó bá ní kí gbogbo ènìyàn ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún wákàtí méjì lójúmọ́, òun ló ń ra GB 44 lóṣù fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá jẹ́ pé òun ló ń rà á lóòótọ́. Bí kò bá jẹ́ òun, kó jẹ́ kí wọ́n pa kámẹ́rà. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó wọn kún tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ dátà kì í ṣe ohun tí a ń fi "ṣebí gbogbo wa la ní dátà" yanjú mọ́.

Mo rí i pé SIM méjì, láti ilé-iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀, ló ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ní GRA lè máa kákò ní Òkè-Odò, èyí tó sì ń fò ní Ajàṣẹ́-Ìpo lè má dé Ìlọfà dáadáa. Ẹ dán an wò nínú yàrá tí ẹ máa jókòó sí gan-an, láago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe láago méjì òru tí gbogbo ènìyàn ti sùn.

Okùn fáíbà, níbi tó bá dé, ló dára jù: kì í sábà ka GB mọ́ yín lọ́wọ́, ohùn kì í sábà já. Àwọn àdúgbò kan nínú ìgboro Ìlọrin ló mọ sí. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2023, ni ti ẹni tó wà ní abúlé tí òpó kankan kò súnmọ́. Ó yára, àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà mẹ́nu bà: ó ń jẹ wáàtì 50 sí 100 fúnra rẹ̀. Ẹ fi kún wáàtì 140 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé bátìrì tó ń gbé yín di ìrọ̀lẹ́ lè ṣubú ní kété lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ Starlink, kó fi owó bátìrì sí i lójú kan náà.

Láptọ́ọ̀pù ta ni?

Ọ̀nà mẹ́ta ni: kí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ohun èlò, kí ilé-iṣẹ́ fún un ní owó kó rà á fúnra rẹ̀, tàbí kó lo tirẹ̀. Ìkẹta yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló burú jù. Láptọ́ọ̀pù tí àwọn ọmọ fi ń wo fíìmù lálẹ́, tí ìwé àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀, ewu ni fún ọ̀gá. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbé ẹrù ìpamọ́ ìwé oníbàárà lé ilé-iṣẹ́ lórí, kò sì sọ pé ẹrù náà bọ́ nítorí pé láptọ́ọ̀pù jẹ́ ti òṣìṣẹ́.

Èyí tí mo fara mọ́: kí láptọ́ọ̀pù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tí ilé-iṣẹ́ ń ṣàkóso, kí iná àti dátà jẹ́ owó tí ń wọlé lóṣooṣù. Kí owó náà dúró sójú kan, kó má jẹ́ ti rìsíìtì. Ẹni tó ń ra dátà lórí fóònù, tó ń ra epo nílé epo tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ti bàjẹ́, níbo ni yóò ti rí rìsíìtì? Ẹ kàn jẹ́ kí ó wà nínú ìwé pé ẹ ó máa yẹ iye náà wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023: láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦500. Àdéhùn tó ti ọdún 2022 wá, tí ẹnikẹ́ni kò tún wò, ti di yẹ̀yẹ́.

Bí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ ńkọ́? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà (Labour Act), ní abala 5, kò gba ọ̀gá láyè kó kàn yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù ẹni tí òfin náà bò. Àìbìkítà tàbí ìwà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni kó jẹ́, kí ọ̀gá sì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsà ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó bá mọ èyí ṣáájú á ra báàgì tó dára mọ́ láptọ́ọ̀pù náà.

Wákàtí àbí àbájáde?

Ọ̀gá kan ń fẹ́ rí "online" lára WhatsApp láti aago mẹ́jọ di aago mẹ́rin. Ọ̀gá kejì ń fẹ́ iṣẹ́ tó parí. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ dídá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, wákàtí ló bá a mu, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Bó bá jẹ́ ìṣirò owó, ìwé kíkọ, àwòrán tàbí ètò kọ̀ǹpútà, ẹ fi àbájáde wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì péré wà lójúmọ́ tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Àárọ̀ aago mẹ́wàá sí méjìlá bá Ìlọrin mu, nítorí kò kan ìrun kankan.

Òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Nílé wa, ẹni tó wà nílé lójú ọ̀sán, ẹni tí kò níṣẹ́ ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á ní kó gba ọmọ dání. Màmá á rán an lọ sí ọjà Ìpáta. Lánlọ́ọ̀dù á ní kó bá òun dúró de àwọn oníná. Kò sí ìwé àdéhùn tó lè yanjú ìyẹn. Ìlẹ̀kùn tó ń tì, àti kéèyàn wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti wàlímọ̀ tàbí ìgbéyàwó tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ kàn yáa lọ háyà tábìlì lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí owó ọjọ́ bíi mélòó kan níbi àháyà wà nínú àdéhùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé.

Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ wà lókèèrè, kó ṣírò aago kó tó gbà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní wàhálà: aago wọn bá tiwa mu nígbà ooru wọn, wákàtí kan ló sì fi wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù. New York ni ẹ máa kíyè sí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ jẹ́ aago méjì ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́ níbí nígbà ooru, mẹ́ta sí mọ́kànlá nígbà òtútù. Nínú oṣù Ramadan, ìṣínu àti àṣámù bọ́ sáàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà, bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìwé

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni bóyá òṣìṣẹ́ ni yín tàbí agbaṣẹ́ṣe. Owó agbaṣẹ́ṣe lè dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ ìsinmi, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú nígbà ìjàǹbá, tirẹ̀ nìkan ni. Fún òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ní ènìyàn 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí òun náà fi 8 sí i. Ibi tí ilé-iṣẹ́ wà kò ṣe pàtàkì fún owó orí: ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí owó oṣù rẹ̀ ń lọ. Ilé-iṣẹ́ Èkó tó ní òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin, Kwara ló yẹ kó máa sanwó náà fún.

Abala 7 òfin iṣẹ́ ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òfin yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ló dìídì ń bò. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí à ń ṣe láti ilé, ti ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ti alábòójútó, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbára lé jù ni ìwé tó fọwọ́ sí.

Èyí tó kù, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Òfin gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ (Employees' Compensation Act) ti ọdún 2010, èyí tí àjọ NSITF ń mójú tó, sọ ní abala 11 pé ẹni tó fara pa níbi tí kì í ṣe ibi iṣẹ́ gangan lè gba owó bó bá jẹ́ pé ọ̀gá fún un láyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wáyà inverter bá gbá òṣìṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ lásìkò iṣẹ́, ìwé àṣẹ kékeré kan ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu, "máa ṣe é nílé", ṣòro láti fi ṣe ẹ̀rí. Ọ̀gá tó ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn ènìyàn rẹ̀ fún NSITF, kí ló dé tí kò fi ní kọ ìwé náà?

Bí òṣìṣẹ́ ṣe lè béèrè láìsí ìjà, lórí WhatsApp, rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaja. Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtilé tí ẹ sọ níjẹta, mo dúpẹ́, mà. Ilé mi ń rí iná lálẹ́, kì í sábà sí lọ́sàn-án. Bí ẹ bá lè bá mi gbé bátìrì àti owó dátà, èmi náà á máa wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú fún ìpàdé. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́ta dán an wò, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìdáhùn ọ̀gá tó gbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Yóò bi í pé, "Kò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ni bátìrì bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé kí wọ́n tó ra nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù rọrùn láti dá padà. Bátìrì tó ti lo ọdún méjì, páńẹ́lì tí wọ́n ti kàn mọ́ òrùlé lánlọ́ọ̀dù, ìyẹn kò rọrùn. Ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn ni kí ilé-iṣẹ́ ra á, kó máa di ti òṣìṣẹ́ díẹ̀díẹ̀: bó bá lo ọdún kan, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀, ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀. Bó bá lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé, kó san èyí tó kù tàbí kó dá a padà, kí ilé-iṣẹ́ sì san owó ẹni tí yóò tú u. Kí lánlọ́ọ̀dù náà fọwọ́ sí bébà kan kí wọ́n tó gun òrùlé, pé páńẹ́lì kì í ṣe ara ilé òun.